Ìbọn wo ló yẹ fún ọdẹ ẹfọ̀n àti erin?

.375 H&H Magnum (orúkọ irú ọta tí ìbọn náà ń yìn) ni màá kọ́kọ́ dárúkọ. Ó ti wà láti ọdún 1912, òun sì ni àwọn ọdẹ sábà máa ń kà sí èyí tó kéré jù fún irú ẹran bẹ́ẹ̀. .416 Rigby àti .458 Winchester Magnum lágbára jù ú lọ, àmọ́ wọ́n máa ń gbá èjìká gan-an. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ìbọn rẹ̀ á ṣẹ́jú kó tó yìn ín, ọta á sì gba ibòmíì lọ.

Ní tèmi, ọta ló yẹ kẹ́ ẹ rò jù. Fún erin, ọta líle tí kì í fẹjú nìkan ni kẹ́ ẹ lò, torí agbárí rẹ̀ nípọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbọn kékeré dán ẹfọ̀n wò: tó bá fara gbọgbẹ́, ó lè yí padà wá bá yín.