Fortune cookie oníbébà: kí ló dé tó ń ṣí padà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní ìlú Oǹdó. Mo fẹ́ fi bébà ṣe fortune cookie, bísíkíìtì kíká tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, fún ọmọ 32 tó wà ní kíláàsì mi, kí a fi parí táàmù. Mo ti ká bíi mẹ́wàá. Àwọn kan ń ṣí padà lójú mi, àwọn tó kù rí pẹlẹbẹ bíi sàmósà tí èèyàn jókòó lé. Kí ni mi ò ṣe dáadáa?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá ọmọ, Tíṣà. Bébà yín ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ìwé fọ́tókọ́pì, onígiráàmù 80 (ìwọ̀n mítà onígun mẹ́rin kan rẹ̀), ti rọ̀ jù. Irú èyí tí àwa tí ń ṣe káàdì ìpè ìgbéyàwó ní Àkúrẹ́ ń lò, láàárín giráàmù 160 sí 200, ni kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn atẹ̀wé.

Bí igi ṣe ní ojú tó ń là sí, bẹ́ẹ̀ ni bébà ní ojú tó ń tẹ̀ sí. Ẹ rọra tẹ abala kan lóròó, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́ níbùú. Ọ̀kan á gbà wẹ́rẹ́, èkejì á máa ṣagídí. Bó ṣe gbà wẹ́rẹ́ yẹn ni kí ẹ ṣe ká a. Ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí i kí ẹ tó gé e, torí tó bá ti di róbótó, ojú rẹ̀ á dàrú mọ́ yín lọ́wọ́.

Kí róbótó náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 9. Mẹ́fà ni A4 kan á gbà. Tẹ́ ẹ bá lo 10, mẹ́rin péré ni tẹ́ ẹ bá tò wọ́n ní ìlà. Abala mẹ́fà á tó yín, mẹ́rin á sì ṣẹ́ kù fún èyí tó bá bàjẹ́.

Ibi tí iṣẹ́ wà nìyí. Ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, etí kan etí, ṣùgbọ́n ẹ má fi èékánná fà á. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún olùkọ́ láti tẹ̀ ẹ́ kó mú. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn rẹ̀ wú, kí ìka kan lè wọ inú rẹ̀. Ẹ wá gbé àárín ẹ̀yìn yẹn ka etí ife, kí ẹ fa igun méjèèjì wá sísàlẹ̀ títí wọ́n á fi fẹ́ kanra. Àárín á jìn wọlé, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ tó kó ẹ̀kọ sẹ́nu. Ẹ kán gọ́ọ̀mù díẹ̀ síbi tí inú méjèèjì ti pàdé, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ há a mọ́ra títí yóò fi gbẹ. Lásìkò òjò, ẹ kó wọn sínú ike olọ́mọrí, torí bébà tó bá fa ọ̀rinrin á tún yanu.

Àwọn Japan tó le mọ́ origami, iṣẹ́ ọnà bébà kíká, á ní àlùmọ́gàjí àti gọ́ọ̀mù kò sí níbẹ̀. Ẹ má dá wọn lóhùn. Àwọn gan-an ló sì ni bísíkíìtì yìí, láti agbègbè Kyoto, kó tó di ohun tí ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà ń fún èèyàn ní Amẹ́ríkà.

Ní ti ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ìlàjì òwe ni èmi máa ń kọ sórí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́: “Bí ọmọdé bá mọ ọwọ́ wẹ̀…” Ọmọ tó bá ṣí i ló máa parí rẹ̀. Kí ẹ tó kán gọ́ọ̀mù ni kí ẹ ti kì í bọ̀ ọ́ o. Mo ti lẹ ogójì tán rí, kí n tó rí i pé gbogbo òwe ṣì wà lórí tábìlì.