Jíà wo ni ó yẹ kẹ̀kẹ́ cyclocross lórí ilẹ̀ olókè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni mo ti ń gun kẹ̀kẹ́, mo sì ń múra sílẹ̀ fún ìdíje cyclocross kan, ìyẹn eré kẹ̀kẹ́ orí koríko àti ẹrẹ̀, tí òkè pọ̀ nínú rẹ̀. Jíà iwájú kan ṣoṣo ni kẹ̀kẹ́ mi ní, eyín 42 ni. Ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ láti 11 dé 28. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra 46 síwájú kí n lè máa sáré dáadáa. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Ibi tí kẹ̀kẹ́ yín yóò ti fà jù lọ nínú ìdíje náà ni kí ẹ fi yan jíà, kì í ṣe ibi tí yóò ti sáré jù lọ.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Bí táyà cyclocross bá yí po lẹ́ẹ̀kan, yóò rin nǹkan bíi mítà 2.1. Tí ṣéènì bá wà lórí 42 níwájú àti 28 lẹ́yìn, táyà yóò yí lẹ́ẹ̀kan àti ààbọ̀ nígbàkígbà tí ẹsẹ̀ yín bá yí pẹ́dà po, ìyẹn mítà 3 ó lé díẹ̀. Bí òkè bá wá ga débi pé eré yín já wálẹ̀ sí kìlómítà 7 ní wákàtí kan, nǹkan bí ìgbà 37 péré ni ẹsẹ̀ yín yóò máa yí ní ìṣẹ́jú kan. Ó kéré jù. Ẹ óò máa fi gbogbo ara tẹ pẹ́dà, orúnkún yóò máa ro yín, bí òjò bá sì ti rọ̀ sórí ilẹ̀ pupa wa yìí, irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó ń mú kí táyà ẹ̀yìn yọ̀ kí ó sì máa yí lásán lójú kan. Ẹ má gbójú lé táyà fífẹ̀ pé yóò gbà yín, nítorí pé nínú ìdíje tí UCI, àjọ tó ń darí eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé, ń darí, táyà kò gbọdọ̀ fẹ̀ ju mílímítà 33 lọ.

Èmi yóò fi eyín 38 síwájú, n óò sì fi 11 sí 36 sẹ́yìn. Lórí òkè kan náà, pẹ̀lú eré kan náà, ẹsẹ̀ yín yóò máa yí tó ìgbà 53 ní ìṣẹ́jú kan, ẹ óò sì lè jókòó sórí ìjókòó kí ìwọ̀n ara yín lè máa tẹ táyà ẹ̀yìn mọ́lẹ̀. Ní ti eré tí ọ̀rẹ́ yín ń sọ, 38 pẹ̀lú 11 yóò gbé yín dé bíi kìlómítà 39 ní wákàtí kan bí ẹsẹ̀ yín bá ń yí nígbà 90 ní ìṣẹ́jú; lórí koríko àti ẹrẹ̀, ta ni yóò sá ju bẹ́ẹ̀ lọ?

Àwọn kan a máa wá eyín 46 tàbí 50 sẹ́yìn. N kò rí ìwúlò rẹ̀ nínú cyclocross, níwọ̀n bí òfin ti gbà yín láyè láti sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ èjìká, kí ẹ sì fi ẹsẹ̀ sáré. Níbi tí òkè bá ti ga jù fún 38 àti 36, ẹni tó ń sáré ni yóò kọ́kọ́ dé òkè.

Kí ẹ tó náwó, ẹ wo apá ẹ̀yìn tó ń sún ṣéènì láti orí eyín kan sí òmíràn. Èyí tí irin rẹ̀ kúrú, tí a ṣe fún kẹ̀kẹ́ ọ̀nà ọ̀dà, kì í sábà gbà ju 28 tàbí 30 lọ, ẹ óò sì ní láti ra èyí tí irin rẹ̀ gùn. Bí owó apá yẹn kò bá sí lápò báyìí, ẹ pààrọ̀ ti iwájú nìkan sí 38 ná. Kò tó, àmọ́ ó sàn ju 42 lọ. Ẹ ra èyí tí eyín rẹ̀ ń tẹ̀ lé ara wọn ní fífẹ̀ àti tínrín, nítorí pé òun ni ó ń di ṣéènì mú nígbà tí kẹ̀kẹ́ bá ń fò lórí gbòǹgbò àti òkúta.

Bí ẹ bá fi 36 sẹ́yìn, ṣéènì àtijọ́ lè kúrú jù, kí ó sì fa apá ẹ̀yìn já. Ẹ yí ṣéènì tuntun ká eyín iwájú àti eyín tó tóbi jù lẹ́yìn láì kọ́kọ́ mú un gba inú apá náà kọjá, ẹ fi ojú méjì kún ibi tí ó ti pàdé, kí ẹ tó gé e.