Fóltì 800: sẹ́ẹ̀lì àti mọ́tọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ọkọ̀ iná, tí ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ yín yóò máa yára gba ṣáàjì ní ìlọ́po méjì tí ẹ bá gbé e kúrò ní fóltì 400 sí 800: rárá o, àfi tí sẹ́ẹ̀lì inú bátìrì (àwọn bátìrì kéékèèké tí a tò jọ di ńlá) bá gbà. Iṣẹ́ yìí ni mo ń ṣe, ó sì pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wáyà ni 800 ń bá wa yanjú. Fún agbára kan náà, 800 ń dín ámpíà (iye iná tó ń ṣàn) sí ìdajì, ooru inú wáyà á sì dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Wáyà ṣájà CCS (irú ṣájà tó ń yára) kì í sábà gbé ju ámpíà 500 lọ. Ní fóltì 400, kílówáàtì 200 nìyẹn, ní 800 ó di 400. Ìdí rèé tí Porsche fi gbé ọkọ̀ Taycan jáde lórí 800 ní 2019. Ioniq 5 ti Hyundai tẹ̀lé e ní 2021: lórí ṣájà tó lágbára, ó ń ti 10 dé 80 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 18.

Sẹ́ẹ̀lì ò mọ iye fóltì tí ẹ tò jọ. Ámpíà tó ń wọ inú ẹ̀ ló mọ̀, àti bí ara ẹ̀ ṣe gbóná tó. Tó bá tutù tí ẹ sì ń rọ́ iná sí i tipátipá, lithium (èròjà tó ń gbé iná nínú sẹ́ẹ̀lì) á lẹ̀ mọ́ ojú anode (apá tó yẹ kó wọ̀) dípò kó wọlé, púpọ̀ nínú ẹ̀ ò sì ní padà sẹ́nu iṣẹ́ mọ́. Ẹ ṣe ètò tí bátìrì á fi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ọkọ̀ tó dé ìdí ṣájà. Tí ẹni tó ń ta sẹ́ẹ̀lì bá ń fi kílówáàtì tó ga jù yangàn, ẹ ní kó fi bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gba iná hàn yín, láti 10 dé 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ti rí èyí tó fò sókè fún ìṣẹ́jú díẹ̀, tó sì já wálẹ̀ wìì.

Mọ́tọ̀, ẹ̀rọ iná tó ń yí táyà, ló fojú wa rí màbo jù. Silicon carbide (irú súìṣì tuntun) inú ìnfátà (ẹ̀rọ tó ń yí iná bátìrì padà fún mọ́tọ̀) ń tan iná, ó ń pa á, kíákíá ju IGBT (súìṣì ti tẹ́lẹ̀) lọ. Fóltì tó ń ga lójijì bẹ́ẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì lẹ́nu mọ́tọ̀ tí wáyà bá gùn. Iná kéékèèké á máa jẹ fáníìṣì ara kọ́ìlì (wáyà tí a wé sínú mọ́tọ̀) díẹ̀díẹ̀, mẹ́gà (ẹ̀rọ tí a fi ń wò bóyá iná ń jò) lásán ò sì ní fi hàn yín. Bẹ́ríǹ, àwọn bọ́ọ̀lù tó ń jẹ́ kí mọ́tọ̀ yí wẹ́rẹ́, náà ń jìyà: a tú mọ́tọ̀ kan tó ń han lórí pẹpẹ ìdánwò, a bá ilà tó tò sójú ọ̀nà bọ́ọ̀lù ẹ̀ bí àbàjà. Iná ló ń gba inú gíríìsì kọjá. Bọ́ọ̀lù sẹ̀rámíìkì (èyí tí kì í gbé iná) tàbí òrùka tó ń gbé iná irin àárín lọ sílẹ̀ ló ń gbà wá. Èmi tún máa ń dín ìyára tí ìnfátà fi ń tan iná tó sì ń pa á kù díẹ̀, kódà tó bá máa jẹ iná díẹ̀ sí i.

Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ ṣájà àtijọ́ ò kọjá fóltì 500. Ioniq 5 ń fi mọ́tọ̀ àti ìnfátà ara ẹ̀ gbé fóltì wọn sókè. Àwọn mìíràn ń fi ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ sí i. Ẹ yan èyí tí ẹ máa ṣe kí ẹ tó pín àyè inú ọkọ̀, torí tí àyè bá ti tán, kò síbi tí ẹ máa fi ẹ̀rọ yẹn sí.