Ojú Iná Wo Ló Yẹ Ìkòkò Wo?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Gáàsì olójú mẹ́rin ni mo fi ń dáná, èyí tó tóbi jù nínú ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo sì máa ń tàn kí oúnjẹ lè tètè jinná. Síbẹ̀, ẹ̀wà mi kì í tètè rọ̀, ìrẹsì mi a máa jó nísàlẹ̀ nígbà tí òkè rẹ̀ ṣì le, gáàsì kì í sì í pẹ́ tán nínú sílíńdà. Kí ni kí n ṣe? (Ìyá ọlọ́mọ kan, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìbéèrè, ìyá wa. Iṣẹ́ àwọn ojú iná náà kò dọ́gba, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi tóbi bákan náà. Ojú ńlá wà fún omi púpọ̀ àti ìkòkò ńlá, àwọn tó wà láàárín wà fún ọbẹ̀ àti ohun dídín, èyí tó kéré jù sì wà fún ohun tí a fẹ́ kó rọra jinná.

Ibi ẹ̀wà gan-an ni gáàsì ti ń ṣòfò jù. Nínú ìkòkò lásán, bí omi bá ti hó tán, bó ti wù kí iná pọ̀ tó, omi náà kò ní gbóná ju nǹkan bí 100 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ńṣe ni iná ńlá kàn ń yára fa omi náà gbẹ, tí ẹ ó fi máa bu òmíràn sí i léraléra, omi tútù yìí ni yóò sì máa dá híhó rẹ̀ dúró. Ẹ fi ojú ńlá bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá ti hó, ẹ gbé e sórí ojú kékeré, kí ẹ sì dé e. Bákan náà ni ti ìrẹsì: nígbà tí omi bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, ẹ dé e pa lórí ojú kékeré, kí ooru tó wà nínú ìkòkò máa sè é. Ẹni tó bá fẹ́ òórùn ìrẹsì òde àríyá lè mú iná sókè díẹ̀ ní ìparí.

Fún àkàrà àti dòdò, ojú àárín ló dára, nítorí bí òróró bá gbóná jù, ara àkàrà yóò pọ́n nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ẹ wo ìdí ìkòkò dáadáa. Iná tó bá ń yọ gun ẹ̀gbẹ́ ìkòkò, afẹ́fẹ́ ilé ìdáná ló ń gbóná, kì í ṣe oúnjẹ. Ẹ tún kíyè sí i pé nínú ọ̀pọ̀ gáàsì, ibi tí iná ti kéré jù wà ní òpin ibi tí a lè yí i dé, lẹ́yìn ibi tó ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń wá iná kékeré ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí a ti ń pa á lè rí i pé iná náà kú, tí gáàsì sì ń tú jáde.

ÌBÉÈRÈ: Iná ojú kan lára gáàsì mi ti di pupa rúsúrúsú, ó sì ń sọ ìdí ìkòkò di dúdú. Kí ló fà á? (Ọ̀dọ́kùnrin kan, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ó yẹ kí iná gáàsì jẹ́ búlúù. Bó bá pọ́n báyìí, afẹ́fẹ́ kò dé ibi tí gáàsì ti ń jó tó, ó sì ṣeé ṣe kí ọbẹ̀ tàbí omi ẹ̀kọ tó dànù ti dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ rẹ̀. Nígbà tó bá tutù, ẹ ṣí ọmọrí rẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ lílọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ̀ ọ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ la àwọn ihò náà, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, kí ẹ sì dá a padà kó jókòó gẹ́lẹ́ sí àyè rẹ̀. Bí kò bá yí padà, ẹ má tan ojú náà mọ́ títí oníṣẹ́ gáàsì yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí irú iná bẹ́ẹ̀ lè máa tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn rárá sínú ilé.