Ẹ̀rọ olómi ni àbí ti páúdà? Owó ẹyọ kan ló wà lọ́wọ́ mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí. Sófà àti rọ́ọ̀gì inú ilé ni mò ń fọ̀ káàkiri Bódìjà láti bí ọdún méjì, brọ́ọ̀ṣì ọwọ́ àti vacuum kan báyìí ni mo fi ń ṣe é. Iṣẹ́ ńlá méjì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yọjú, mọ́ṣáláṣí kan ládùúgbò wa àti ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ kápẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Ẹni tó fẹ́ ta máṣìnnì fún mi ní kí n ra èyí tó ń lo páúdà, pé ayé ti kúrò níbi olómi. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n má dá a lóhùn, pé ohun tí omi ò bá kàn kì í mọ́. Owó máṣìnnì kan ṣoṣo ni mo ní, mi ò sì fẹ́ yáwó. Èwo ni kí n rà? Ọmọ yín, n'Íbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, o kú akitiyan. Ra olómi. Mo tètè sọ ọ́ kí ọkàn ẹ lè balẹ̀, àmọ́ fara balẹ̀ gbọ́ ìdí ẹ̀, torí tí o bá ra olómi tí ò dáa, o máa ba rọ́ọ̀gì olórọ́ọ̀gì jẹ́ ni.

Wo mọ́ṣáláṣí yẹn ná. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́ ni wọ́n ń kírun níbẹ̀, ẹsẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àlùwàlá, tí omi ṣì wà lára ẹ̀, ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, iwájú orí ni wọ́n fi ń kan ibẹ̀, àwọn ọmọdé náà á sì máa tọ̀ sí i. Páúdà lè gbé eruku àti ọ̀rá kúrò lórí, ṣùgbọ́n ìtọ̀ tó ti wọ ìsàlẹ̀ lọ, páúdà ò bá a débẹ̀, àwọn àlùfáà náà ò sì ní gbà pé ibẹ̀ ti mọ́ láìfi omi ṣàn án. Bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, fọ ìdajì lálẹ́ ọjọ́ kan kí wọ́n lè kí Àsùbáà lórí ìdajì kejì, má sì bọ́ síbẹ̀ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ torí Jímọ̀.

Ti ọ́fíìsì, lóòótọ́ omi púpọ̀ lè mú kí gọ́ọ̀mù tú, ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ẹ bá ń fa omi dáadáa, tí o wọlé nírọ̀lẹ́ Jímọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ti lọ, kí wọ́n tó dé láàárọ̀ Mọ́ńdè á ti gbẹ.

Ibi tí páúdà ti dáa jù ni ibi tí ẹsẹ̀ kì í dá, bíi ọ̀dẹ̀dẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì. Páúdà yẹn rin díẹ̀ báyìí, o máa fọ́n ọn, o máa fi brọ́ọ̀ṣì gbo ó wọlé, o máa fi í sílẹ̀ fúngbà díẹ̀, o wá fi vacuum fà á kúrò, èèyàn sì lè tẹ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà lo máa máa ra páúdà yẹn, kò sì sí ní gbogbo ọjà, tí vacuum ẹ ò bá sì lágbára, inú rọ́ọ̀gì ni páúdà ọ̀hún máa jókòó sí. Tí iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì bá dé lọ́jọ́ iwájú, o lè ra tiẹ̀ nígbà yẹn.

Ní báyìí, ẹ̀rọ olómi tí mò ń sọ kì í ṣe "wet and dry vacuum" o. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ti kówó lé e pé òun lẹ̀rọ ìfọ-kápẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn kàn ń fà ni, kì í fọ́n. Èyí tí o nílò ń fọ́n omi ọṣẹ wọnú rọ́ọ̀gì, lẹ́sẹ̀kan náà ó ń fà á padà sínú táǹkì mìíràn, irú Puzzi tí Kärcher ti Jámánì ń ṣe, tí táǹkì ẹ̀ ń gba bíi lítà mẹ́wàá. Agbára fífà ni kó o fowó rà, má wo bó ṣe tóbi. Mọ́tò irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè lé ní 1,200 watts, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "I pass my neighbour" ò lè gbé e, wá 2.5kVA tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Amẹ́ríkà, yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, tí o bá rí 120V, iná tiwa máa jó o.

Ọdún àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni mo fọ rọ́ọ̀gì onírun àgùntàn kan fún màmá kan, nínú oṣù keje tí òjò ń rọ̀ ṣáá. Mi ò yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò, bí àpò kòkó ló rí. Mo da omi sí i bí ẹni ń fọ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta àwọ̀ búráùn ti rú láti ìsàlẹ̀ wá sókè, ó ń rùn, màmá yẹn ò bínú, ó kàn ń fọwọ́ pa á, ó ní ọkọ òun tó ti kú ló rà á. Ó ṣì ń dùn mí. Torí náà, kí omi tó kan rọ́ọ̀gì kankan, fa fọ́nrán kan yọ, jó o níná, tó bá ń rùn bí irun orí, irun àgùntàn ni, má fomi púpọ̀ débẹ̀. Tó bá yọ́ tó ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, rọ́bà ni, ó lè gba omi.

Kọ́kọ́ fi vacuum fa eruku kúrò, kí omi má lọ sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Má lo ọṣẹ tó ń hó gidi gan-an, ìyókù ẹ̀ ló ń jẹ́ kí rọ́ọ̀gì tètè dọ̀tí padà. Tí o bá ti fọ́n tí o fà lẹ́ẹ̀kan, jáwọ́ kúrò níbi omi, wá máa fa ojú ibẹ̀ gbígbẹ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, díẹ̀díẹ̀, máa wo ẹnu ẹ̀rọ yẹn, èyí tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, títí o ò fi ní rí omi tó ń gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Tan fáànù, ṣí fèrèsé. Nígbà ọyẹ́ ó máa yára gbẹ, nígbà òjò gba iṣẹ́ díẹ̀.

Kó o tó sanwó, gbé àgékù rọ́ọ̀gì dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń ta ẹ̀rọ. Ní kó tan ẹ̀rọ yẹn, kó fọ́n ọn, kó fà á lójú ẹ. Wá yọ áńkáṣíìfù funfun, tẹ̀ ẹ́ mọ́ rọ́ọ̀gì yẹn pẹ̀lú gìgísẹ̀ ẹ, kí o ka ogún. Tí áńkáṣíìfù bá kàn tutù díẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Tí omi bá ń kán lára ẹ̀, ká rọ́ọ̀gì ẹ, máa bọ̀ nílé.