Èsì: Ṣé àyẹ̀wò ṣì pọn dandan lẹ́yìn tí wọ́n ti jó Barrett kúrò?

Ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí wọ́n padà lọ fún àyẹ̀wò kámẹ́rà, bí dókítà tilẹ̀ sọ pé Barrett (àìsàn tí awọ inú ọ̀nà ọ̀fun fi ń yí padà nítorí omi kíkan inú ikùn, tó sì lè di jẹjẹrẹ) ti tán ní ọ̀nà ọ̀fun wọn, nítorí pé ó lè tún yọ, pàápàá níbi tí ọ̀nà ọ̀fun ti pàdé ikùn, tàbí kí ó fara pamọ́ sábẹ́ awọ tuntun níbi tí ojú kò ti lè rí i.

Bí àyípadà sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n rí kí wọ́n tó jó o bá jẹ́ èyí tó le (tó ti sún mọ́ jẹjẹrẹ), ìlànà àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti ọdún 2022 ni kí àyẹ̀wò kámẹ́rà wáyé ní oṣù 3, oṣù 6 àti oṣù 12, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún. Bí ó bá jẹ́ èyí tó fúyẹ́, ọdún 1, ọdún 3, lẹ́yìn náà ní ọdún méjì-méjì. Ìgbà tí Barrett bá ti tán pátápátá ni kíkà yìí tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bèèrè bí wọ́n ṣe mú ẹran ara díẹ̀ láti ọ̀nà ọ̀fun wọn fún àyẹ̀wò ṣáájú ìtọ́jú: ibi tó bá wú tàbí tó yí àwọ̀ padà ni a ń kọ́kọ́ mú, lẹ́yìn náà ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní sẹ̀ǹtímítà 2 síra. Ẹ bèèrè pẹ̀lú bóyá onímọ̀ kejì tó ń yẹ ẹran ara wò fìdí èsì náà múlẹ̀.