Ṣé sípía táyà ni igbákejì Ààrẹ? Ìdáhùn sí ìbéèrè lórí ìbò Mùsùlùmí

Ìbéèrè: As-salāmu alaykum, Ààfáà wa. Ẹgbẹ́ òṣèlú tí ọkàn mi fà sí fa Mùsùlùmí kalẹ̀ fún ipò Ààrẹ, ṣùgbọ́n Kristẹni ló mú ṣe igbákejì. Ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa, àwọn kan ní ẹni tó bá tẹ̀ka fún wọn ti ta ẹ̀sìn rẹ̀. Àwọn míì ní kí n má da ara mi láàmú, pé sípía táyà lásán ni igbákejì Ààrẹ. Kí ni kí n wò lára ẹni náà? Ṣé mo lè sọ àléébù rẹ̀ síta kó má di ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn? Ṣé mo sì lè kí ìrun Istikhārah, ìyẹn ìrun tí a fi ń bẹ Ọlọ́hun pé kó yan ohun tó dára fún wa, lé e lórí?

Ìdáhùn: Wa alaykumu s-salām wa rahmatullāh. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀rọ̀ sípía táyà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni àṣìṣe ti ń wọlé. Abala 142 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sọ pé bí olùdíje Ààrẹ kò bá fa ẹni tí yóò ṣe igbákejì rẹ̀ kalẹ̀, òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe olùdíje. Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá náà ló béèrè lọ́wọ́ igbákejì: kó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà látìbí, kó ti pé ọmọ ọdún 35, kó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, kó sì kàwé dé ìpele girama. Abala 146 wá ní bí Ààrẹ bá kú, tó kọ̀wé fipò sílẹ̀, tí àìsàn kò jẹ́ kó lè ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí tí wọ́n yọ ọ́ nípò, igbákejì ló ń gorí àga. Wọn kì í tún ìbò dì. Ojú wa ló ṣe: Ààrẹ Umaru Yar'Adua lọ gba ìtọ́jú ní Saudi Arabia ní oṣù kọkànlá ọdún 2009. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejì ọdún 2010, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin fi Goodluck Jonathan ṣe adelé. Yar'Adua jáde láyé ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n búra fún Jonathan.

Ẹ tún wo ìwé ìdìbò fúnra rẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ òṣèlú ló wà níbẹ̀, àti àkékúrú orúkọ rẹ̀, àti àlàfo kékeré tí àtàǹpàkò ń bọ́ sí. Kò sí orúkọ ènìyàn kankan lórí rẹ̀, ká má tíì sọ pé ẹ máa mú ọ̀kan kẹ́ ẹ fi èkejì sílẹ̀. Tàdáwà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo náà lẹ fi jẹ́rìí fún ẹni méjì. Ọlọ́hun sì pàṣẹ nínú Sūratun-Nisā', áyà 135, pé ká dúró lórí déédéé, ká jẹ́ ẹlẹ́rìí nítorí Rẹ̀, bó tilẹ̀ tako àwa fúnra wa, òbí wa tàbí ìbátan wa.

Nípa ohun tí ẹ ó wò, kò sí àpẹẹrẹ tó súnmọ́ ọ̀rọ̀ yìí bíi ti Ànábì Mūsā àti Hārūn. Nígbà tí Mūsā ń lọ pàdé Olúwa rẹ̀ fún ogójì òru, ó sọ fún Hārūn pé: “Ṣe adelé mi láàárín àwọn ènìyàn mi, máa tún nǹkan ṣe, má sì tẹ̀lé ọ̀nà àwọn òbìlẹ̀jẹ́” (Sūratul-A'rāf, 142). Láàárín òru wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n ṣe ère ọmọ màálù. Olórí kò sí nílé, ọwọ́ adelé ni ìdánwò ìlú bá. Ẹ sì wo ìdí tí Mūsā fi tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ọlọ́hun: ó ní Hārūn dá lẹ́nu jù òun lọ (Sūratul-Qaṣaṣ, 34). Ó mọ ibi tó kù sí, ó sì wá ẹni tó lè dí i. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yín nìyẹn. Kí ni olùdíje yìí kù díẹ̀ káàtó sí? Ṣé ẹni tó mú yìí dí i, àbí ìbò ẹkùn kan nìkan ló fi ń wá?

Òṣùwọ̀n kejì wà nínú Sūratul-Qaṣaṣ yẹn kan náà, áyà 26: ẹni tó dára jù láti gbà síṣẹ́ ni alágbára, olùfọkàntán. Agbára tí à ń sọ ni pé kí apá rẹ̀ ká iṣẹ́ náà. Igbákejì Ààrẹ ni alága Ìgbìmọ̀ Ọrọ̀-Ajé Orílẹ̀-èdè, níbi tí àwọn gómìnà ìpínlẹ̀ 36 àti gómìnà Báńkì Àpapọ̀ jókòó sí. Ẹni tí kò mọ ìṣirò owó ìlú, tí kò sì lè bá gómìnà sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbọ́, kò lágbára iṣẹ́ yìí, ì báà máa kí Tahajjud lóru. Abū Dharr jẹ́ sàábé ńlá, síbẹ̀ nígbà tó béèrè ipò, Ànábì sọ fún un pé aláìlágbára ni, àti pé àmánà ni ipò. Imām Muslim ló gba hádíìsì náà wá.

Ní ti ìfọkàntán, ẹ má gba ẹnu ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, máa ń lẹ fọ́ọ̀mù EC9, èyí tí olùdíje fi kọ ìtàn ara rẹ̀, síta, tòun ti ìwé ẹ̀rí àti ìbúra rẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ ìbí, ilé ẹ̀kọ́ àti ọdún tó wà níbẹ̀, bóyá wọ́n bá ara wọn mu. Bó bá ti dipò mú rí, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ibẹ̀ bóyá ó sanwó wọn. Ẹ wo bó ṣe bá ọ̀gá tó ti bá ṣiṣẹ́ rí pínyà. Ẹ sì wo ọjọ́ orí àti ìlera ẹni tó fẹ́ ṣe Ààrẹ: bó bá ṣe dàgbà tó ni kí òṣùwọ̀n igbákejì le tó.

Ẹ tún wo ìṣọ̀kan àwọn méjèèjì, torí pé mínísítà ni Ààrẹ lè lé lọ, kò lè lé igbákejì. Ìgbà tí Olusegun Obasanjo àti Atiku Abubakar jà ní sáà wọn kejì, ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 2007, ilé ẹjọ́ sì sọ ọ́ pé Ààrẹ kò lágbára láti kéde pé àga igbákejì ṣófo. Àṣàyàn tí kò bá dára, ọdún mẹ́rin la ó fi rù ú. Ìyá wa Ā'ishah gba hádíìsì kan wá, ó wà nínú ìwé hádíìsì Abū Dāwūd, pé bí Ọlọ́hun bá fẹ́ oore fún olórí, Ó ń fún un ní wasíírì (igbákejì tó ń bá olórí ṣèjọba) olódodo: tó bá gbàgbé, yóò rán an létí, tó bá rántí, yóò ràn án lọ́wọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn igbákejì. Al-Māwardī, onímọ̀ tó kú ní ọdún 450 Híjírà, pín wasíírì sí méjì. Ọ̀kan ń pàṣẹ pẹ̀lú èrò ara rẹ̀, ó ní kó jẹ́ Mùsùlùmí. Èkejì ń jíṣẹ́ tí olórí rán an, ó ní aláìjẹ́-Mùsùlùmí lè ṣe é. Lọ́jọ́ lásán, ẹ̀ka kejì ni igbákejì Ààrẹ wa fara jọ. Lọ́jọ́ tí àga bá ṣófo, ó di ẹ̀ka àkọ́kọ́. Ibi tí àwọn kan ti ń fa ọ̀rọ̀ líle yọ nìyí. Ṣùgbọ́n ìjọba Kálífà ni Al-Māwardī ń sọ. Ipò tiwa, ìwé òfin ló dá a sílẹ̀, abala 10 rẹ̀ sì ní kí ìjọba má sọ ẹ̀sìn kankan di ẹ̀sìn ìjọba. Èyí tó rọ̀ mí lọ́kàn ni pé Mùsùlùmí tó dìbò fún irú olùdíje méjì bẹ́ẹ̀ kò ta ẹ̀sìn rẹ̀. Shagari àti Ekwueme, Mùsùlùmí àti Kristẹni, jọ díje ní 1979, Buhari àti Osinbajo ní 2015. Abiola àti Kingibe, Mùsùlùmí méjèèjì, jọ díje ní 1993, Tinubu àti Shettima ní 2023. Kò sí èyí tó jẹ́ ìjọsìn nínú wọn, kò sì sí èyí tó jẹ́ kèfèrí. Ẹni tó mọ̀nà tí Ànábì àti Abū Bakr háyà nígbà Híjírà, ẹ̀sìn Kùráìṣì, àwọn abọ̀rìṣà Mẹ́kà, ló ń ṣe. Bukhārī sọ pé wọ́n fọkàn tán an, wọ́n kó ràkúnmí wọn méjèèjì fún un, wọ́n sì ṣàdéhùn pé kó bá wọn ní ihò Thawr lẹ́yìn òru mẹ́ta. Àwọn Kùráìṣì ń wá wọn kiri nígbà yẹn. Ó sì dé bó ṣe ṣèlérí.

Sísọ àléébù rẹ̀: Fātimah ọmọ Qays wá gba ìmọ̀ràn lórí ọkùnrin méjì tó fẹ́ fẹ́ ẹ. Ànábì sọ fún un pé Mu'āwiyah kò lówó lọ́wọ́, Abū Jahm kì í gbé ọ̀pá rẹ̀ kúrò léjìká, ìyẹn ni pé ó máa ń na obìnrin. Àléébù tó kan ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ nìkan ló sọ. Ẹ̀yin náà, ẹ sọ ohun tó kan ipò, tí ẹ sì ti wádìí. Ìyàwó rẹ̀, ìran rẹ̀ àti bí ojú rẹ̀ ṣe rí kò sí níbẹ̀. Ohùn tí ẹnìkan ṣẹ̀dá, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti fóònù dé fóònù, Sūratul-Hujurāt áyà 6 ti ní kẹ́ ẹ wádìí ìròyìn kó tó tẹnu yín jáde.

Istikhārah tọ́. Rák'ah méjì ni, yàtọ̀ sí ti ọ̀ranyàn, kẹ́ ẹ tó ka àdúà rẹ̀. Ẹ má fi sí ẹ̀yìn Àsírì títí òòrùn á fi wọ̀, tàbí ẹ̀yìn Súbúhì títí òòrùn á fi yọ. Lẹ́yìn ìwádìí ni ẹ ó kí i, láàárín àwọn tí ọkàn yín ti gbà pé wọ́n tó o ṣe. Ẹni tí olè rẹ̀ ti hàn sí yín kò sí nínú àwọn tí à ń kírun lé lórí. Ẹ má dúró de àlá. Ibi tí ọkàn yín bá balẹ̀ sí lẹ́yìn àdúà ni kẹ́ ẹ tẹ̀ka sí.

Ọlọ́hun ló nímọ̀ jùlọ.